Lísìtì kejì: Ó yẹ kí yunifásítì sọ iye àyè tó kù

Nígbà tí yunifásítì bá gbé orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde, oríṣi ilé méjì ló máa ń wà ní Àgbádárìgì àti àwọn ìlú etí òkun tó yí i ká. Nínú ilé kan, wọ́n ń pín mínírà fún àlejò. Nínú ilé kejì, ìyá ń rẹ ọmọ lẹ́kún pé lísìtì kejì ń bọ̀ lọ́nà. Ilé kejì yìí ló pọ̀ jù, àwọn ni kò sì sí ẹni tó ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún.

Lísìtì kejì kì í ṣe àánú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bùn ọ̀gá kankan. Àyè tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ kan lè rí àyè kó má gbà á, bóyá nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n fún un kọ́ ló béèrè, tàbí pé ó ti bá yunifásítì aládàáni lọ, tàbí pé owó kò sí. Àwọn àgbà yóò rántí ọdún 2011, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní LASU kúrò ní ₦25,000 lọ sí ohun tó lé ní ₦190,000. Àwọn tó ń wọlé dín kù gidigidi, títí ìjọba fi dá owó náà padà sí ₦25,000 ní 2014. Àyè wà nígbà náà, owó ni kò sí.

Bí wọ́n ṣe ń pín àyè náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ bíi ti Akọka, nínú 100 àyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Márùndínlógójì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká. Ogún tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀, ọmọ Èkó kò sì ní ìpín nínú rẹ̀. LASU tó wà ní Ọ̀jọ́ ńkọ́? Ti ìpínlẹ̀ Èkó ni láti 1983, ọmọ ìpínlẹ̀ ló sì máa ń fi síwájú. Nítorí náà, máàkì kan náà tí kò lè mú ọmọ Ajárá wọ Akọka lè mú un wọ Ọ̀jọ́.

Iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ tún ṣe pàtàkì ju bí òbí ṣe rò lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà ló ń pàṣẹ iye akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn agbẹjọ́rò. Yunifásítì tó bá kọjá iye náà yóò jìyà. Ọmọ tó ń dúró de iṣẹ́ dókítà nínú lísìtì kejì, ẹnu ọ̀nà abẹ́rẹ́ ló ń wò. Ẹni tó ń dúró de ìtàn tàbí iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀nà tirẹ̀ fẹ̀ díẹ̀.

Òbí tí kò mọ gbogbo èyí ni gbájú-ẹ̀ ń rí jẹ. Yóò ní òun mọ ẹnì kan lọ́fíìsì, yóò sì gba owó àgbọn àti owó ẹja tí obìnrin fi ọdún méjì kó jọ. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kò ṣe ohunkóhun rárá. Bó bá gbowó lọ́wọ́ òbí mẹ́wàá, tí orúkọ ọmọ méjì sì jáde fúnra rẹ̀, àwọn méjì yẹn ni yóò máa ròyìn rẹ̀ kiri àdúgbò. Àwọn mẹ́jọ yòókù yóò gbà pé orí ọmọ àwọn ni kò gbè é. Bẹ́ẹ̀, láti 2017 tí JAMB ti gbé ètò CAPS kalẹ̀, orí kọ̀ǹpútà JAMB ni gbogbo ìgbaniwọlé gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Èyí tí kò bá gba ibẹ̀, asán ni.

Ohun tó yẹ kí òbí béèrè lọ́wọ́ ọmọ kò gba owó gbájú-ẹ̀: ṣé ó ti gbé èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ sórí ẹ̀rọ JAMB? Ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí máàkì rẹ̀ ga bí òkè, wọn kò ní wò ó. Bí wọ́n bá sì fún un ní iṣẹ́ mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti Òtò-Ìjànikin di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní 2022, ó sì sún mọ́ Àgbádárìgì ju Ọ̀jọ́ lọ.

Àmọ́ ẹrù tó pọ̀ jù, èjìká àwọn aláṣẹ ló yẹ kó wà. Wọn kì í sọ iye àyè tó kù, wọn kì í sọ ipò tí ọmọ wà láàárín àwọn tó ń dúró. Wọ́n lè ní iye náà ń yí padà lójoojúmọ́. Owó dọ́là náà ń yí lójoojúmọ́, ìwé ìròyìn sì ń gbé e jáde. Ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ńlá máa ń kọ ọ́ síta lọ́dọọdún, iye ọmọ tí wọ́n ní kó dúró, àti iye tí wọ́n padà mú. Ọdún wà tí àwọn mìíràn kò mú ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì kọ òdo náà síbẹ̀.

JAMB kò lè sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní oṣù karùn-ún 2025, ó jáde sọ pé àṣìṣe ba ìdánwò àwọn ọmọ 206,610 jẹ́ ní Èkó nìkan, ó sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó ka ọmọ tó pọ̀ tó báyẹn dórí ẹyọ kan lè ka àyè tó ṣófo ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀jọ́ àti Akọka. Iye náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó ṣí i síta, kí ìyá tó ń yan ẹja ní Gbẹrẹfu lè mọ̀ bóyá àyè mẹ́ta ló kù tàbí ọgbọ̀n, kó tó di pé ẹnì kan wá béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.