Físà Pọ́túgàl: Ṣé Àpò ni Òfin Ń Wò Ni, Tàbí Ènìyàn?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó ti gbọ́ pé orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl ń fún ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè ní físà láti wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù, ó yẹ kí á yẹ òfin náà wò tinú-tẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀nà tí ìlú kan ń gbà ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò ni ó ń fi ojú tí ó fi ń wo ènìyàn hàn.

Ohun tí ó yẹ fún ìyìn ni kí á kọ́kọ́ yìn. Òfin 83/2021, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, gbèjà òṣìṣẹ́ tí ó ń ti ilé ṣiṣẹ́. Ó pa á láṣẹ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu ní àkókò ìsinmi rẹ̀, àyàfi bí ọ̀ràn tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ bá dé. Àfikún owó iná àti ti íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ náà bá fà, ọrùn agbanisíṣẹ́ ni ó wà. Kò gbọdọ̀ fi kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ agbóhùn ṣọ́ òṣìṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ láti àárọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Òfin tí ó sọ báyìí mọ̀ pé ènìyàn ni òṣìṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n gbé jáde fún àlejò. Físà tí à ń pè ní D8 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọdọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé, láàárín oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, owó tí ń wọlé fún un lóṣooṣù tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Pọ́túgàl. Ní ọdún 2025, yúrò 870 ni owó oṣù yìí; ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 3,480. Kì í ṣe físà àwárí iṣẹ́ rárá. Láti òde Pọ́túgàl ni iṣẹ́ àti owó ti gbọdọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí á ro ìtumọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí ó ń gba 870 àti ẹni tí ó ń gba 3,480 jọ ń wá yàrá ní àdúgbò kan náà ní Lisbon. Ta ni onílé yóò kó kọ́kọ́rọ́ fún? Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2023, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde sí ìgboro Lisbon, Porto àti àwọn ìlú mìíràn láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ọ̀wọ́n gógó owó ilé. Lóòótọ́, kì í ṣe àwọn elékọ̀ǹpútà nìkan ni ó fà á. Àwọn tí ń fi ilé gbọ̀wọ́ fún arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ àti àwọn olówó tí ń ra ilé pa mọ́ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kọ́ kò sì tó. Síbẹ̀, ìjọba tí ó mọ̀ pé ilé kò tó, tí ó tún ń ké sí àlejò olówó, ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ ro ti ayálégbé.

Àlejò kan tún wà tí kò ní kọ̀ǹpútà. Ní Odemira, ní gúúsù Pọ́túgàl, àwọn tí ó wá láti Íńdíà, Nepal àti Bangladesh ni wọ́n ń ṣa èso inú oko. Ní ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba sé agbègbè náà mọ́, gbogbo ayé rí i pé wọ́n há wọn mọ́ra sínú yàrá tóóró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ti ọ̀nà tí irú wọn ń gbà lọ gba ìwé ìgbélùú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà D8 kò tì ní tirẹ̀. Ẹni tí ń bọ́ ìlú ni a tilẹ̀kùn mọ́, ẹni tí ó lówó lápò ni a ń pè wọlé.

Èrò tèmi ni pé kò burú kí ìlú béèrè pé kí àlejò lè bọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí owó nìkan jẹ́ ẹ̀rí ìwúlò ènìyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ náà gbọdọ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ilé tí olówó kékeré lè san owó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, kí ó má ṣe ra ayédèrú ìwé owó oṣù lọ́wọ́ àwọn gbájú-ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì yege, kí ó san owó orí tí ó bá tọ́ sí i, kí ó kọ́ èdè wọn, kí ó sì rántí pé aládùúgbò tí ó ń gbálẹ̀ òpópónà ní ẹ̀tọ́ sí orùlé bíi tirẹ̀.