Kì í Ṣe Kókó Orí Kíndìnrín Ló Gba Oorun Wa

Aago mẹ́ta òru ti lù l'Ájégúnlẹ̀, ojú wa dá wáí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn, tírélà tó ń lọ sí wáàfù ní Àpápá ń fun fèrè, ọkàn wa sì ń lù kì-kì-kì bí ẹni tó sáré gun òkè. Ike oògùn tí wọ́n ní yóò jẹ́ ká sùn wà lórí tábìlì, ó ń wò wá níran.

Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ "àwa" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé fúláàtì kan nítòsí Boundary, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń ṣe, ó sì ti rẹ gbogbo wa. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa rí fídíò kan lórí fóònù. Ṣé ó máa ń rẹ̀ ọ́ láàárọ̀? Ṣé ojú rẹ máa ń là lálẹ́? Ṣé ohun oníyọ̀ àti ohun dídùn máa ń wù ọ́ jẹ? Adrenal fatigue ló ń ṣe ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà láti Boundary dé Tolu tí kò ní dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? A dá owó jọ, a ra ike méjì ní Àpápá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àárẹ̀ ò lọ, oorun díẹ̀ tó kù ló lọ. Nígbà tí a padà tọ ẹni tó tà á fún wa lọ, ó ní ara ló ń fọ ìdọ̀tí dànù, ká fi hóró kan kún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọn kì í sọ lọ́jà. Kókó kékeré kan jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń ṣe họ́mónù tí wọ́n ń pè ní cortisol. Nínú ara tó dá ṣáṣá, cortisol máa ń ga ní ìdájí kí a lè jí, á wá máa lọ sílẹ̀ títí di òru. Bí kókó yìí bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, àìsàn gidi ni, ó sì lè pa ènìyàn. Thomas Addison, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1855, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń fi í hàn.

Adrenal fatigue ńkọ́? James Wilson, ará Amẹ́ríkà kan, ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1998. Ní 2016, Cadegiani àti Kater, onímọ̀ méjì láti Brazil, yẹ ìwádìí 58 wò, wọn ò rí ẹ̀rí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Bákan náà ni Endocrine Society, ẹgbẹ́ àwọn dókítà họ́mónù, sọ. A ò ní àárẹ̀ yín kì í ṣe òótọ́ o. Orúkọ tí wọ́n fún un ló jẹ́ irọ́.

Irọ́ náà sì léwu. Ní 2018, ìwé ìròyìn Mayo Clinic Proceedings gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí oògùn 12 tí wọ́n ń tà fún kókó yìí ní Amẹ́ríkà. Họ́mónù thyroid wà nínú gbogbo méjèèjìlá, họ́mónù steroid sì wà nínú ohun tó ju ìdajì wọn lọ. Thyroid tó bá pọ̀ jù nínú ara máa ń mú kí ọkàn máa sáré, kí oorun sì fò lọ. Steroid tó ti ìta wá ní tirẹ̀ máa ń sọ fún kókó orí kíndìnrín pé kó jókòó, iṣẹ́ ti parí. Ẹ ò rí i? Oògùn tí wọ́n ní ó máa jí kókó yìí lè jẹ́ òun gan-an ló máa kùn ún lóorun. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, kó má ṣàdédé dá a dúró láì bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ní iṣẹ́ tiwa, bí áàpù bá ń kú lóru, a kì í kọ́kọ́ sáré ra sáfà tuntun. Lọ́ọ̀gì la máa ń kà. A wá ka ti ara wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù ní California, aago mọ́kànlá alẹ́ tàbí méjìlá òru ni l'Ékòó, ìgbà yẹn sì ni àwọn oníbàárà wa ń pe ìpàdé. Kọfí aago mẹ́sàn-án alẹ́ wà níbẹ̀. Ìdajì kaféènì inú rẹ̀ lè ṣì wà lára ní aago méjì òru. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, tírélà wà níbẹ̀, ìsọjí onígbohùngbohùn wà níbẹ̀. Ẹni tó sùn jù nínú wa sùn wákàtí márùn-ún. Hóró wo ló fẹ́ tún èyí ṣe?

Àwọn kan á ní, "Ó ṣiṣẹ́ fún èmi." Obì náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ ẹ́, ojú yín á là, owó rẹ̀ ò sì tó ti ike yẹn. Àwọn mìíràn á ní ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ yí ike náà sẹ́yìn: lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tó ń sọ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ló ń wò sàn wò. Ike tiwa dárúkọ gbòǹgbò mẹ́fà, kò kọ ìwọ̀n ìkankan. Licorice wà lára wọn, ó sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Nígbà tí a lọ sí ọsibítù níkẹyìn, ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ti ru dé 160 lórí 100. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń rẹ ẹnìkejì. Oṣù mẹ́ta la fi ń wo kókó tí kò ṣàìsàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

A mọ̀ pé ìlà ọsibítù gùn. Ìyẹn gan-an ni àwọn tó ń tà á fi ń jẹun. Ó yẹ kí NAFDAC fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tó wà nínú ike. Ó yẹ kí LASEPA rántí òru Ajégúnlẹ̀ bó ṣe ń rántí ti Ìkòyí. Kí ẹni tó ń ta oògùn sì yéé sọ fúnni pé àìsàn báyìí ló ń ṣeni.

Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ tiwa náà ń bẹ. Ní 2021, wọ́n gbé áàpù kan jáde tó ń pe tírélà wọ èbúté Àpápá lẹ́sẹẹsẹ. Ètò lorúkọ rẹ̀. Bí a bá lè ṣe ètò fún tírélà, a lè ṣe é fún ara wa. A ti sọ fún àwọn oníbàárà wa pé a ò ṣèpàdé mọ́ tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù. Ọ̀kan bínú, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dùn wá, owó gidi ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a sùn.