Ẹ Má Bọ́ Àmì Kúrò Lórí Àdírẹ́sì Yorùbá

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Àdírẹ́sì ni orúkọ tí a fi ń pe ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lòdì sí bí a ṣe ń ba orúkọ yìí jẹ́ fún àwọn ìwé Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká wo WordPress, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ìkànnì. Bí a bá kọ àkọlé tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi àkọlé náà ṣe àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ bọ́ àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ dànù. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọ àròkọ: àkọlé ti èkíní ni "Èdè", ti èkejì ni "Edé", ti ẹ̀kẹta ni "Ẹdẹ", ìlú tí a jọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àdírẹ́sì wọn yóò di "ede", "ede-2" àti "ede-3". Ìlú Tìmì wá di nọ́ńbà! Bí àròkọ bá sì pọ̀ tó fi gba ojú ewé púpọ̀, "page/2" ni ẹ̀rọ yóò kọ, bí ẹni pé Yorùbá kò ní ojú ewé.

Bí mo bá kọ "owo" dípò "ọwọ́" nínú ìdánwò, olùkọ́ á fa igi pupa sí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ?

Àwọn kan á ní àmì máa ń jẹ́ kí àdírẹ́sì gùn, torí "ọ" kan ṣoṣo lè di "%E1%BB%8D" bí a bá dà á kọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè ẹ̀rọ nìyẹn. Wikipedia Yorùbá ń lo àmì nínú àdírẹ́sì, ó sì ń ṣí. Lẹ́tà Lárúbáwá ni ti àwọn Lárúbáwá ń lò.

Àwọn mìíràn á ní àmì ṣòro tẹ̀ lórí fóònù. Kí ẹni tó bá tẹ "ede" lásán rí ojú ìwé tí yóò bi í léèrè: èdè ni, edé ni, àbí Ẹdẹ? Kí ẹ̀rọ júwe ọ̀nà, kó má pa orúkọ dà.

Ènìyàn ló kọ òfin tó ń bọ́ àmì. Ènìyàn lè yí i padà. Kóòdù díẹ̀ ló lè dá àmì sí, òun náà ló lè sọ "page" di "ojú-ewé". Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ìkànnì tiwọn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé Yorùbá ni àwọn ìwé yìí ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ orúkọ ilé wọn.