Ẹ Kó Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ Wo Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Pọn Ògógóró

Kì í ṣe ohun tuntun kí ilé-ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ́kọ̀ lọ wo ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò. Àwọn ọmọ a wo ẹ̀rọ, wọ́n a gba ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n a sì padà sílé láìmọ orúkọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá dábàá pé kí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró ní agbègbè Ògùn Waterside, ní gúúsù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kíá ni àwọn òbí yóò ní ó fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọ̀mùtí.

Kí ni wọn ìbá rí níbẹ̀? Adẹ́mu a máa dá igi ògùrọ̀ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tanná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni igi yìí ń tanná láyé rẹ̀ kí ó tó kú, nítorí náà ẹni tí kò mọ àkókò ti pàdánù igi nìyẹn. Dídùn ni ẹmu rẹ̀ ń dùn bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ara igi, ṣùgbọ́n láàrin wákàtí mélòó kan ni ṣúgà inú rẹ̀ yóò ti máa di ọtí. Wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ títí yóò fi kan, wọn a wá dà á sínú dúrọ́ọ̀mù lórí iná igi. Ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ọtí fúnra rẹ̀ ń hó, omi sì ń hó ní 100; ìdí nìyí tí ọtí fi máa ń pọ̀ nínú ooru tó kọ́kọ́ jáde. Ooru náà a gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, a tún di olómi, a sì máa kán tó, tó, tó, sínú ìgò. Bí iná bá pọ̀ jù, omi yóò ba ọtí náà jẹ́. Olùpọntí tó mọṣẹ́ yóò da èyí tó kọ́kọ́ kán nù. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì gidi ni gbogbo èyí, a kàn ń fi èdè baba ẹni ṣe é ni.

Níbo wá ni ìtìjú ti wọlé? Owó ni ó bí i. Láyé ìjọba amúnisìn, apá ńlá nínú owó tí ń wọ àpò ìjọba ní gúúsù Nàìjíríà ni ó ń ti ara owó-ibodè lórí ọtí láti Yúróòpù wá. Àdéhùn tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ní Saint-Germain ní 1919 fòfin de jíìnì olówó pọ́ọ́kú, èyí tó kù sì wọ́n. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tiwọn. Ni ìjọba bá pe ọtí náà ní ọtí tí òfin kò gbà, ó sì ń mú àwọn tó ń pọn ọ́n. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àpò ara wọn ni àwọn wọ̀nyí wò. Ní Gánà, akpeteshie gba ìdáǹdè lẹ́yìn òmìnira. Ní Nàìjíríà, orúkọ burúkú náà kò kúrò lára ògógóró.

Títí di òní, níbi ìdáná ní Ìjẹ̀bú, ṣìnáàpù ni àwọn àgbà ń gbé sókè fi wúre, àfi bí ẹni pé Ọbańta fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ̀lú. Ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì ni ọtí náà ti wá. Dmitri van den Bersselaar kọ odindi ìwé lé e lórí ní 2007, The King of Drinks, ó sì fi hàn bí ọjà òyìnbó ṣe di àṣà ìbílẹ̀.

Àwọn alátakò yóò mẹ́nu ba 2015, wọn kò sì jẹ̀bi. Ní ọdún náà, ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tó kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ sì tún kú ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Kẹ́míkà methanol ni wọ́n bá nídìí ọ̀ràn náà. Ní Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró. Ṣùgbọ́n methanol inú ẹmu tí a pọn dáadáa kéré púpọ̀. Nígbà tí ó bá pọ̀ tó láti pa agbo ènìyàn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnìkan ló bu ayédèrú sí i. Àwọn kan gbà pé bí a bá ṣáná sí ọtí tó sì gbiná, ojúlówó ni. Irọ́ pátápátá! Methanol náà ń gbiná. Òfin tó ti gbogbo ọlọ́tí sínú igbó kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní irú nǹkan báyìí. Ìwé-àṣẹ tí apá olùpọntí kékeré ká àti àyẹ̀wò tí kò wọ́n ni ó lè ṣe é.

Ṣé Ìjẹ̀bú kò ti ṣe irú rẹ̀ rí ni? Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́. Kò sẹ́ni tó fòfin de gàrí. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń rin ín, bí a ṣe ń fi í sílẹ̀ kí ó kan, bí a ṣe ń fún un, bí a ṣe ń yan án. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n, gàrí Ìjẹ̀bú sì di ohun tí àwọn ará ìlú mìíràn ń fi orúkọ rẹ̀ polówó ọjà.

Ní Èkó, àwọn oníṣòwò tó ń ta Pedro's ti gbé ògógóró sínú ìgò tó rẹwà fún àwọn olówó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ṣeni láàánú, síbẹ̀, pé ọmọ Ìjẹ̀bú lè kọ́kọ́ gbọ́ ìyìn ọtí yìí lẹ́nu abánitapọ́n ọtí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó. Amos Tutuola fi ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí àti adẹ́mu rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1952; síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé náà lónìí lè máa mọ ohun tí igbà adẹ́mu jẹ́.

Nítorí náà, kí wọ́n lọ. Kí lẹ́tà òbí wà lọ́wọ́ olùkọ́, kí ọtí má kan ètè ọmọ kankan, kí olùkọ́ kẹ́mísírì àti olùkọ́ Yorùbá jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ohun èlò gbogbo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń pè é, kí ó sì kọ ẹ̀ka-èdè tí ẹni náà ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ pẹ̀lú ń gbé etí omi náà, orúkọ kan náà kọ́ ni gbogbo wọn yóò dá.