Ta Ni Ó Ba Tòmátì Ìyá Jẹ́?

A bá ìdílé tí Ọlọ́run fi ìbejì ta lọ́rẹ yọ̀ gidigidi.

Ọ̀rọ̀ tòmátì ni ó dé etígbọ̀ọ́ wa lóṣù yìí. Ìyá kan àti ìyàwó àbúrò ọkọ wọn, tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan, kò kí ara wọn mọ́. Ìdí èso tòmátì ìyá ń dúdú, ó ń rà, ewé ìsàlẹ̀ sì ti gbó. Ti ìyàwó, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ń dán. Ìyá ní ó da nǹkan sí i. Kí a má purọ́, àwa pẹ̀lú kọ́kọ́ fẹ́ gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àlàyé ọmọ rélùwéè. Calcium, tí ó mú egungun wa àti ìkarahun ìgbín le, òun ni ó so ara ewé àti èso pọ̀. Omi ni ẹ́ńjìnì tí ń fà á láti gbòǹgbò lọ sókè. Bí omi bá wọ́n, ẹrù kò kúrò ní ìdíkọ̀. Ewé a máa fa omi ju èso lọ, ìdí èso ni ó sì gbẹ̀yìn. Èyí tí a ti já sínú ewé àgbà kò ṣe é kó padà. Nitrogen ní tirẹ̀ ń padà: nígbà ọ̀dá, igi a gbà á lọ́wọ́ ewé ìsàlẹ̀ fi bọ́ ti òkè, ti ìsàlẹ̀ a sì pọ́n, a rẹ̀. Ara tí calcium kò sì tó nínú rẹ̀ a máa jò, a gbó kí ọjọ́ tó pé.

Òjò Port Harcourt, tí ó ju 80 ínṣì lọ lọ́dún, ti fọ calcium kúrò nínú ilẹ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀rùn oṣù méjì péré, ọ̀ràn dé. Ìyá sì ń bomi rin tiwọn ní Sátidé nìkan.

Ìkarahun ìsam tí a ń dà sẹ́bàá títì, ẹ fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ sá a, ẹ gún un kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Ti ẹyin náà dára. Èyí tí ó ti rà kò ní sàn mọ́. Omi díẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù, pẹ̀lú koríko gbígbẹ nídìí rẹ̀.

Ìyàwó ti gbé garawa omi kan lọ fún ìyá. Wọ́n gbà á, wọn kò fèsì. Méjì nínú wa yóò lọ bá wọn lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó bá ní ìkarahun ìsam gígún, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa.