Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Àwọn Ojú Ara Ògiri

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ẹ̀yin ọlọ́lá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀nà àti omi ló wà níwájú yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ojú ènìyàn.

Móséíkì ni iṣẹ́ mi. Àfọ́kù táìsì, gíláàsì àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tò sórí sìmẹ́ǹtì tútù títí yóò fi di àwòrán. Igi kò ṣòro tò, aṣọ kò ṣòro. Ojú ló ṣòro. Ẹyọ tó tó èékánná àtàǹpàkò dára fún agbádá, ṣùgbọ́n bó bá kan ìpéǹpéjú, hóró ìrẹsì ni, kí ìlà wọn sì máa yí tẹ̀lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí onídìrí bá ń la irun. Bí ẹyọ kan bá ṣì sí igun ẹnu, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á di ẹni tó ń pòṣé. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, àfọ́kù lásán ni. Ẹ fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sún sẹ́yìn, ó ń wò yín.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́. Ìtàn ní Lúwo, ọba obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Wọn kò ya ojú síbẹ̀ (ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n máa tẹ ojú òun mọ́lẹ̀?). Ara adé ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣe é. Ní Òṣogbo níhìn-ín ni Jimoh Buraimoh, tó ń tan iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ nígbà náà, ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ sára pákó, tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

Lókè òkun náà, ní ìlú Ravenna ní Ítálì, ojú Ọba Justinian wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì San Vitale láti nǹkan bí ọdún 547. Agbára rẹ̀ kọ́ ló pa á mọ́. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò rẹ́ ẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn nílùú kan náà, Sant'Apollinare Nuovo, àwọn aláṣẹ tuntun yọ àwọn ènìyàn ààfin Theodoric, ọba tó jẹ ṣáájú wọn, kúrò lára ògiri, wọ́n fi àwòrán aṣọ ìkélé dí àyè wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ tán. Títí dòní, ọwọ́ àwọn tí wọ́n pa rẹ́ ṣì hàn lára òpó, gbogbo ayé sì ń béèrè ta ni wọ́n.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọjà kan, oṣù mẹ́ta ni mo fi to ojú ìyá aláta kan sára ògiri. Lẹ́yìn tí ìyá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀. Àwọn alágbàṣe tó wá tún ọjà ṣe rẹ́ sìmẹ́ǹtì bò ó láàárín wákàtí kan. A gbìyànjú láti hó o. Ojú náà bá sìmẹ́ǹtì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ bá wa pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ́, má kùn, má sì wó ògiri ìjọba tó ní móséíkì láìjẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ti wò ó. Bí ògiri bá gbọ́dọ̀ wó, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. A ó lẹ aṣọ mọ́ àwòrán náà, a ó gé e kúrò, a ó gbé e lọ síbi tí ẹ bá ní ká gbé e sí. Bí ẹ bá tún lè yọ̀ǹda yàrá kan fún wa, màá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń lẹ táìsì ilé ìwẹ̀ kiri ní iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ wọn ti mọ ìgé. Ojú ni wọn kò tíì mọ̀ ọ́n tò.

Ògiri mẹ́ta ló kù ládùúgbò wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ọ̀kan.

Èmi ni ọmọ yín, oníṣẹ́ ọnà kan ní Òṣogbo.