Àìbìkítà Kọ́ Ni Kò Jẹ́ Kí Àwọn Ènìyàn Yẹ Àkọsílẹ̀ Gbèsè Wọn Wò

Sí Olóòtú,

Èrò tí àròkọ olóòtú gbé jáde, pé àìbìkítà ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ ohun tí àwọn ayánilówó kọ sílẹ̀ nípa wọn, kò tọ̀nà, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè bèèrè ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé ó ní. Àkọsílẹ̀ gbèsè ni ìwé tí ó ń fi hàn iye tí ènìyàn yá, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti yá a, bí ó ṣe ń san án padà àti ìgbà tí sísan rẹ̀ falẹ̀. Òun náà ni báǹkì máa ń kà kí ó tó pinnu bóyá òun yóò yá ẹni náà lówó tàbí òun kò ní yá a.

Òfin tí ó de ọ̀ràn yìí ni Credit Reporting Act ti ọdún 2017, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò buwọ́ lù nígbà tí ó jẹ́ adelé Ààrẹ, òfin náà sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láìsan kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ fún àwọn báǹkì ni CRC, CreditRegistry àti FirstCentral. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé náà yóò bèèrè fún un lọ́dọ̀ wọn, yóò sì fi BVN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídíjíìtì 11 tí báǹkì fún un, ti ìbéèrè náà lẹ́yìn; ẹni tí ó bá ń bèèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM lórí ọ̀ràn yìí, olè ni. Yíyẹ àkọsílẹ̀ ara ẹni wò kì í sì í ba orúkọ ẹni jẹ́ lọ́dọ̀ ayánilówó, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àròkọ náà ti kù díẹ̀ káàtó jù ni pé ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé kan ṣoṣo ni. Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ayánilówó máa fi ìròyìn oníbàárà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ó kéré tán méjì nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, kò pàṣẹ pé kó jẹ́ gbogbo wọn, nítorí náà gbèsè tí ọ̀kan kọ sílẹ̀ lè má sí lọ́dọ̀ èkejì rárá. Ẹni tí ó bá yẹ ọ̀kan wò tí ó sì bá a ní mímọ́ kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú méjì yòókù, pàápàá nígbà tí ayánilówó tí ó yára láti kọ orúkọ ajigbèsè sílẹ̀ sábà máa ń rìn bí ìgbín nígbà tí ó bá kan kíkọ ọ́ sílẹ̀ pé gbèsè náà ti san tán.

Ní Amẹ́ríkà, ayánilówó tí ó bá tìtorí àkọsílẹ̀ gbèsè kọ̀ láti yáni lówó gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ti gba àkọsílẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sì ní ọjọ́ 60 láti gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, yàtọ̀ sí èyí tí Equifax, Experian àti TransUnion ń fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Ìlú Ọba pẹ̀lú, pọ́ùn méjì ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ títí di ọdún 2018 tí òfin fi sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ sì ń lò ó láìsí pé ẹnikẹ́ni wàásù fún wọn nípa àìbìkítà.

Ohun tí ó yẹ kí àròkọ náà bèèrè fún ni pé kí Báǹkì Àpapọ̀ sọ ọ́ di dandan fún ayánilówó, àti báǹkì àti àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù, láti fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n kọ̀ fún un. Kò lè jẹ́ ìnáwó ni wọn yóò fi ṣe àwáwí, nítorí pé ìwé náà ti wà lọ́wọ́ wọn, òun gan-an ni wọ́n kà tí wọ́n fi kọ̀. Àwọn áàpù ayánilówó tí ó ráyè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá ajigbèsè kò lè sọ pé àwọn kò ráyè fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀ràn kàn.

Òǹkàwé kan, Ìbàdàn